Wọ́n gba pósítà mi wọlé fún àpérò ní Vienna, oṣù méjì kò pé mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAlákétu · Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Ọmọ Kétu ní Benin ni mí, ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Omi abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí fún oyè dókítọ́rà. Ó di ọdún méjì báyìí tí mò ń gun mọ́tò kiri loṣooṣù, láti ìgboro Kétu títí dé ọ̀nà Ìdìgní, tí mò ń sọ téèpù sínú kànga mẹ́rìnlá láti mọ ibi tí omi wà. Ẹni tó bá mọ òkè Kétu mọ̀ pé kànga ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi igbá bù. Okùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ kí o tó gbọ́ pé korobá kan omi.

Ní oṣù Kìíní, ọ̀gá mi ní kí n kọ àkékúrú iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àpérò EGU, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé àti òfúrufú ti Yúróòpù, tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Vienna, ní Austria. Mo kọ ọ́, mo sanwó rẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀. Lánàá ni èsì dé: wọ́n gbà á, pósítà ni, ìyẹn ojú-ewé ńlá kan tí èèyàn ń lẹ mọ́ pátákó, tó sì ń dúró tì láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹrin ni àpérò, oṣù Kẹta la sì wà yìí.

Mo fò sókè lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí ni ẹ̀rù tó dé. Mi ò wọ bàálù rí. Mo ní páásípọ́ọ̀tì, kò sí físà kankan nínú rẹ̀. Lábù á san tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó kù di tèmi àti ti bàbá mi. Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, mo lè kà á kó yé mi, àmọ́ ẹnu mi kò gbé e. Mo ti ya pósítà náà parí, ó dúró lóòró, 84 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 119 ní gíga, Wàndó ni mo fẹ́ gbé e lọ tẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ju 15,000 lọ. Ta ló ti lọ rí nínú yín? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Dangbo · Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́

Má tíì tẹ nǹkan kan! Pátákó tí wọ́n ń lẹ pósítà mọ́ ní EGU fẹ̀ ní 197 sẹ̀ǹtímítà, gíga rẹ̀ kò ju 100 lọ. Tìrẹ ga ní 119. Sẹ̀ǹtímítà 19 á kàn máa fì nísàlẹ̀ ni, bíi ṣòkòtò tí wọ́n rán gùn ju ẹsẹ̀ lọ. Dá a dùbúlẹ̀: 119 ní fífẹ̀, 84 ní gíga.

Kú oríire o. Orí mọ́tò ni mo wà, mo ń bọ̀ wá kọ ìyókù.

SùúrùLérè · Ọjọ́ Ẹtì, 8:50 alẹ́

Àbúrò mi, kú oríire. Ti físà kò le rárá. Ṣebí bàálù wà tó ń ti Kútọnu lọ balẹ̀ sí Paris? Gba físà Faransé. Tí o bá ti wọlé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè mọ́ títí o fi máa dé Vienna. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Jẹ́jẹ́Layé · Ọjọ́ Ẹtì, 9:22 alẹ́

Èmi á sọ èyí tí ẹnì kankan kò fẹ́ sọ. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ gan-an? Ọdún 2020 àti 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe gbogbo àpérò yẹn, ayé kò sì parí. Títí di ìsinsìnyí, ẹni tí kò lè lọ ṣì lè dara pọ̀ láti ilé. Ṣírò owó físà, owó ìbánigbófò, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́fà ní ìlú àwọn òyìnbó. Owó yẹn á gbẹ́ kànga fún ẹnì kan ní Kétu níbẹ̀ yẹn. Gbogbo rẹ̀ torí kí o lè dúró ti bébà kan fún wákàtí méjì, kí àwọn èèyàn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá! Jókòó sí Àjàṣẹ́, ra gíígà, sọ tẹnu rẹ.

Kì í ṣe pé mò ń bú ọ o. Mo ti rí ẹni tó jẹ gbèsè ọdún kan nítorí irú ìrìn báyìí ni.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Kí n tó lọ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ti kọ̀ mí ní físà rí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n SùúrùLérè, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín lè ba ọmọ yìí jẹ́. Òfin Schengen, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, kò wo ibi tí bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ibi tí èèyàn ń lọ gan-an ló ń wò. Ọjọ́ mẹ́fà ní Vienna, wákàtí mẹ́ta ní Paris: Austria ló ni ìwé yẹn. Tí o bá lọ sọ fún àwọn Faransé pé ọ̀dọ̀ wọn lò ń lọ, tí lẹ́tà Vienna sì wà nínú fáìlì rẹ, o ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀sùn sí ara rẹ lọ́rùn. Èyí tí wọ́n bá sì kọ̀, ó ń wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Austria kò ní ẹ́ḿbásì ní Kútọnu, orílẹ̀-èdè Schengen kan sì lè bá òmíràn gba ìwé. Lọ sórí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ti Austria, kí o wo ẹni tó ń gbà á fún wọn lọ́wọ́ ará Benin. Lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ Ajé. Má ṣe bi ọmọkùnrin tó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú géètì. Èmi bi í, mo sanwó fún un pẹ̀lú.

Wá bá mi ka ọjọ́. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 sí i. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, wọ́n lè fà á dé 45. Ìwọ fúnra rẹ rí i pé kò sáyè eré. Àyè ìpàdé ló sábà máa ń wọ́n jù, nítorí náà gba ọjọ́ kó o tó máa wá ìwé, má wá ìwé tán kó o tó gba ọjọ́. Owó físà jẹ́ 90 yúrò, ìyẹn 59,036 fráǹkì, láìka ohun tí àwọn tó ń gba ìwé bá bù lé e. Ìbánigbófò ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, kó sì kárí gbogbo ilẹ̀ Schengen, kì í ṣe Austria nìkan. Ṣí páásípọ́ọ̀tì rẹ báyìí: ó gbọ́dọ̀ ní ojú-ewé méjì tó ṣófo, kí ó má tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ṣe é, kí ó sì ṣì lò fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, ìdí tí wọ́n fi kọ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lọ, àbúrò ọkọ mi ṣàánú mi, ó fi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ fráǹkì sínú àkáǹtì mi kí ó lè wú. Àkáǹtì tí kò rí ju 40,000 fún oṣù márùn-ún! Wọ́n wo ìwé báǹkì náà, wọ́n ní àwọn kò gbà gbọ́ pé owó mi ni. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa? Nígbà kejì mi ò fọwọ́ kan àkáǹtì. Mo gbé lẹ́tà lábù tó sọ pé àwọn ló ń san tíkẹ́ẹ̀tì, mo gbé ordre de mission (ìwé tí wọ́n fi ń rán èèyàn níṣẹ́ lọ ìrìn-àjò) tó ní òǹtẹ̀, lẹ́tà ìwé-ẹ̀kọ́ mi, lẹ́tà tí EGU fúnra wọn ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, àti ìwé ìbí àwọn ìbejì mi kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ní ohun tó máa fà mí padà sílé. Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n pè mí.

Ìwọ kò ní ọmọ, ṣùgbọ́n o forúkọ sílẹ̀ fún dókítọ́rà tí kò tíì parí. Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ kọ ọ́ ní kedere pé o ní iṣẹ́ pápá láti ṣe lóṣù Karùn-ún.

Tíkẹ́ẹ̀tì: kí wọ́n kàn fi orúkọ rẹ di àyè mú ni, kí wọ́n má tíì san án.

Ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ ń ka èyí: ìrànwọ́ kan wà tí EGU ń pè ní Roland Schlich, fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ àti àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tì, ṣáájú ti gbogbo ayé tó ń tì ní oṣù Kìíní. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá gbọ́, ó ti lọ.

SùúrùLérè · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:40 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, mo gbà. Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Faransé ni òun sì ń lọ ní tirẹ̀. Kí àbúrò máa tẹ̀ lé tiyín.

Baba_Òkúta (Ṣábẹ̀ẹ́) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:17 àárọ̀

Ọmọ Alákétu, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò bá wọn dé Vienna rí, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ rìn láti Ṣábẹ̀ẹ́ wá sísàlẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yìí, físà, pósítà, ó dára. Èmi fẹ́ bi ọ́ léèrè iṣẹ́. Tí ẹnì kan bá dúró níwájú rẹ tó ní, "Níbo ni Kétu wà?" kí lo máa sọ? Má sọ fún un pé ìlú Alákétu ni, tàbí pé ibẹ̀ ni Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè àtijọ́ yẹn, wà. Sọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta líle ni, o sáà rí àwọn òkè tó yí wa ká. Omi kò sí nínú òkúta, inú sísán òkúta ló wà. Tí o bá gbẹ́ ẹ síbi tí kò sán, wàá gbẹ́ ẹ títí, eruku ni wàá máa fẹ́. Ní Kétu, ẹ ti kúrò lórí òkúta líle yẹn, amọ̀ àti yanrìn ló tò léra wọn lọ́dọ̀ yín, omi sì ń wá yanrìn lọ sísàlẹ̀. Ìlú méjì tó ń sọ èdè kan náà, tí òjò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kànga wọn kò sì jọra rárá. Tí o bá sọ ìyẹn fún òyìnbó ní ìṣẹ́jú kan, á dúró.

Mo tún gbà ọ́ níyànjú: bu iyẹ̀pẹ̀ pupa Kétu sínú ìgò kékeré kan, kí o mú ègé òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ kan dání. Èèyàn fẹ́ràn ohun tó lè fọwọ́ kàn. Tí o bá kọjá lọ́dọ̀ wa, mo ní òkúta tó dáa, ó ń dán wínníwínní.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́_Lyon · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:02 ọ̀sán

Baba, ẹ kú ilé o. Òkúta, kò burú tó bá mọ́ tónítóní. Iyẹ̀pẹ̀, rárá! Yúróòpù kò gba iyẹ̀pẹ̀ láti òde wọlé, nítorí kòkòrò àti àrùn irè oko. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, á tún máa ṣàlàyé ara rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó ní kò dá òun lójú. Ya fọ́tò iyẹ̀pẹ̀ náà, kí o fi owó ẹyọ 100 fráǹkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tó.

Nígbà tí a sì dárúkọ ẹrù: àbúrò, mo mọ̀ pé ìyá rẹ á fẹ́ di wàgàsì sínú báàgì rẹ. Má gbà. Ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ohun tí wọ́n fi ẹran ṣe, méjèèjì kò gbọdọ̀ wọlé. Gààrí kò níṣòro, ẹja gbígbẹ díẹ̀ náà kò níṣòro. Gààrí yẹn ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. Oúnjẹ inú gbọ̀ngàn àpérò wọ́n, ìlà rẹ̀ sì gùn débi pé àkókò á lọ lórí ìlà. Gbé ìgò omi rẹ lọ. Omi ẹ̀rọ Vienna, láti orísun orí òkè ló ti ń ṣàn wá láti ọdún 1873, ó dùn ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Ìwọ oníṣẹ́ omi gan-an ló yẹ kó o lọ wo ìyẹn.

Ilé àpérò ni Austria Center Vienna. Tíréènì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní U1 ló dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibùdókọ̀ Kaisermühlen-VIC. Ilé Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, má ṣe lọ tò sí ìlà tiwọn bíi tèmi. Kò pọn dandan kí o sùn nítòsí ibẹ̀, ó máa ń gbówó lórí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wá ibikíbi lójú ọ̀nà U1: láti Stephansplatz láàárín ìlú, ibùdókọ̀ mẹ́fà péré ni. Kò sí géètì tó ń dá èèyàn dúró láti wọ tíréènì, nítorí náà ó ń ṣe àlejò bíi pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́! Lu tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lójú ẹ̀rọ kí o tó wọlé. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, aṣọ bíi tèmi tìrẹ ni wọ́n ń wọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ ju 100 yúrò lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gúnlẹ̀, ọjọ́ Àìkú náà sì ni ṣọ́ọ̀bù ń tì ní Austria. Jẹ́ kí gààrí ọjọ́ yẹn wà nínú báàgì ọwọ́. Mú súwẹ́tà, òtútù àárọ̀ oṣù Kẹrin níbẹ̀ ju ti ọyẹ́ wa lọ. Kí o sì ra àdápítọ̀ iná.

Akẹ́kọ̀ọ́Dangbo · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:20 ọ̀sán

Àdápítọ̀ kẹ̀? Ojú iná ilé wa ní Benin àti ti Austria, ẹnu ihò yíká kan náà ni. Ṣájà tí o rà ní Kútọnu á wọlé wẹ́rẹ́. Àfi tó bá jẹ́ èyí tó ní eyín mẹ́ta tí wọ́n ń kó wá láti Èkó.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́_Lyon · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:24 ọ̀sán

Òótọ́ ni o. Ẹlẹ́yín mẹ́ta ni tèmi nígbà yẹn, ìdí nìyí tí mo fi rò pé dandan ni.

Baba_Òkúta (Ṣábẹ̀ẹ́) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:48 ọ̀sán

Mo ti gbọ́ ti iyẹ̀pẹ̀. Òkúta mi ṣì wà nílẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́.

Atẹ̀wé_Wàndó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ohun mẹ́ta ló wà: bébà, báàṣì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe bánà), àti aṣọ. Báàṣì ni mò ń tà jù, ìyẹn la fi ń ṣe ti òkú, ti ìgbéyàwó, ti òṣèlú. Mi ò ní tà á fún ọ. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kì í jáde dáadáa lára rẹ̀, ó wúwo, tó bá sì ká, ìlà ìká rẹ̀ kì í lọ mọ́. Aṣọ dára fún ẹni tó fẹ́ ká a sínú báàgì, o kàn máa lọ̀ ọ́ tó o bá débẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bébà ló ń gbé graph jáde jù. Tó bá jẹ́ ọmọ mi, bébà ni n ó tẹ̀ fún un, kí ó ká a sínú páìpù.

Kí o tó wá: fi PDF ránṣẹ́, má fi PowerPoint wá. Ẹnì kan gbé PowerPoint wá lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà wa kò ní irú lẹ́tà tó lò, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gun ara wọn, ọjọ́ kejì ló sì ń wọ bàálù. Jẹ́ kí ìwọ̀n PDF náà jẹ́ 119 sí 84 gan-an, má ṣe é kékeré kí o ní ká fẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, tẹ ojú-ewé kan lórí A4 nílé rẹ. Tó o bá ń rí gbogbo lẹ́tà tó wà lórí A4 yẹn kà láìsúnmọ́ ọn, á dára lórí ńlá.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:41 alẹ́

Aṣọ ni tèmi o. Nígbà àkọ́kọ́ mo ní páìpù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà bàálù pé ó gùn jù, wọ́n jù ú sínú ikùn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tó máa fi dé ọwọ́ mi, ó ti tẹ̀ láàárín. Bébà gbé graph jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n graph tó ti tẹ̀ kò sàn ju graph tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ lọ.

Atẹ̀wé_Wàndó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:50 alẹ́

Màdáàmù, páìpù wo? Ti kátọ́ọ̀nù ni, àbí páìpù omi onírọ́bà? Ti onírọ́bà kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín jiyàn, aṣọ náà wà lọ́wọ́ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́Dangbo · Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣèlérí, mo ti dé.

Iṣẹ́ mi kì í ṣe omi. Ìdí tí GPS fi máa ń ṣìnà lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni mò ń wá. Ìlà tó pín agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé sí méjì, àríwá àti gúúsù, kọjá ní àríwá wa níbí, òkè òfúrufú wa sì máa ń hó bí ọbẹ̀ ní alẹ́, àmì sátẹ́láìtì á máa gbọ̀n. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí mo débẹ̀, mo rò pé gbogbo ayé á fẹ́ gbọ́. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí òkè òfúrufú wa pọ̀ ju àwa tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ.

PICO ni wọ́n fún mi. Ìyẹn ni pé o ní ìṣẹ́jú méjì lórí pèpéle, lẹ́yìn náà o dúró ti téléfíṣọ̀n kan kí àwọn èèyàn wá bá ọ. Mo ka ìṣẹ́jú méjì mi sórí bí Àdúrà Olúwa. Ó lọ dáadáa. Nígbà tí mo wá dúró ti téléfíṣọ̀n, mo káwọ́, mò ń wo fóònù. Ẹni mẹ́ta péré ló dúró. Ará Íńdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èèyàn ń rọ́ lọ bá a.

Ó yé mi nígbà tí mo padà délé, lọ́jọ́ ọjà Àjàrá. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ta ìkòkò níbẹ̀. Wọn kì í sọ pé ìkòkò mi dára. Wọ́n á fi ìka kan ìkòkò náà kó dún létí rẹ, ko, ko, kí o gbọ́ pé kò sán. Ìgbà yẹn ni wàá tó béèrè iye. Wá graph kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ rẹ tó ń dún bẹ́ẹ̀, gbé e sáàárín, kí ó tóbi. Tí ẹnì kan bá fa ẹsẹ̀ díẹ̀, tọ́ka sí i kí o ní, "Ẹ wo kànga yìí." Ìyẹn ti tó.

Ti Gẹ̀ẹ́sì: má há a sórí. Ẹni tó bá há a sórí, tí wọ́n bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín, ilé rẹ̀ wó. Kọ́ bí wàá ṣe sọ iṣẹ́ rẹ ní ọ̀nà mẹ́ta: ìdajì ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní kí èèyàn tún ìbéèrè sọ díẹ̀díẹ̀, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti lò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn. Àwọn tó gbọ́ Faransé náà pọ̀ lọ jàra.

Má ṣe gbìyànjú láti gbọ́ ohun gbogbo. Ìjókòó wọn lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, èèyàn á ya wèrè. Kí o tó kúrò nílé, yan ìjókòó méjì lóòjọ́ tó kan omi abẹ́ ilẹ̀, kí o sì kọ lẹ́tà sí ẹni mẹ́rin tí o ti ka ìwé wọn: "Pósítà mi wà níbí, ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí." Méjì dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń bá mi ka iṣẹ́ mi títí dòní. EGU tún ní ètò kan tí wọ́n fi ń fi ẹni tó ti mọ ibẹ̀ dáadáa mú ẹni tó kọ́kọ́ wá lọ́wọ́. Forúkọ sílẹ̀ fún un.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Lórí pé kó má há a sórí, mi ò fara mọ́ ọn tán. Kó há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí, ìyẹn nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀fun máa ń gbẹ.

Mo sì gbàgbé: gbogbo ìwé tí o fi gba físà, báàgì ọwọ́ ni kó wà. Tó bá jẹ́ Paris lo gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ọ́ wò, kì í ṣe Vienna. Káàdì yẹ́lò tí wọ́n fún ọ nígbà tí o gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, má fi sílé, wọ́n á béèrè rẹ̀ nígbà tí o bá ń padà wọ Benin.

Jẹ́jẹ́Layé · Ọjọ́ Àìkú, 6:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹni mẹ́ta ló dúró, ẹ̀yin náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà lórí gbèsè: tó bá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ á ta ilẹ̀, kó má lọ. Tí lábù bá san tíkẹ́ẹ̀tì tí òtẹ́ẹ̀lì sì ṣeé gbà, mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó wádìí bóyá ó lè fi pósítà náà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí físà bá kọ̀, kí owó àkékúrú tí kì í padà yẹn má lọ lásán.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 6:08 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn, òótọ́ lo sọ.

ỌmọAlákétu · Ọjọ́bọ̀, 7:55 alẹ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti gba ọjọ́ fún físà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá mi ti kọ lẹ́tà, ó kù kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ordre de mission. Bàbá mi fẹ́ fi owó kún àkáǹtì mi lóòótọ́, mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí i létí, ó rẹ́rìn-ín, ó dá owó rẹ̀ padà sápò. Òun á kọ lẹ́tà pé òun ló ń bọ́ mi, òun á sì fi ìwé báǹkì tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti kọ̀wé béèrè ti íntánẹ́ẹ̀tì náà.

Mo relé Kétu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ́ A4 náà sórí tábìlì, mo sọ iṣẹ́ mi fún màmá mi bí ẹni pé òyìnbó ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wá ní, "Kànga ilé Ìyá Àgbà máa ń gbẹ lóṣù Kejì. Ti ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, tí kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí i, kì í gbẹ. Ṣé ó wà nínú èyí tí o yà yìí?"

Ó wà níbẹ̀. Kànga kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n. Ti Ìyá Àgbà dúró lórí amọ̀, omi tí amọ̀ dá dúró lókè ni wọ́n ń fà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń mu ún tán. Ìkejì gba inú amọ̀ kọjá, ó kan yanrìn nísàlẹ̀. Ìlà méjì, ọ̀kan já wálẹ̀ ṣòòròṣò lóṣù Kejì, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà mira. Mo ti fi wọ́n sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́. Àwòrán ilẹ̀ Benin tó kún fún àwọ̀ ni mo gbé sáàárín.

Mo ti yọ àwòrán ilẹ̀ náà. Kànga méjèèjì ló wà láàárín báyìí, wọ́n gba ìdajì pósítà.

Baba_Òkúta (Ṣábẹ̀ẹ́) · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Bá mi kí màmá ẹ. Bi wọ́n léèrè ẹni tó gbẹ́ kànga kejì yẹn, bóyá ó ṣì wà láyé. Á mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí amọ̀ yẹn nípọn tó.

ỌmọAlákétu · Ọjọ́bọ̀, 8:26 alẹ́

Ó wà láyé, Baba. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ bá wọn pẹ̀lú obì. Atẹ̀wé Wàndó, aṣọ ni n ó tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ṣé mo lè wá lọ́jọ́ Ajé?

Atẹ̀wé_Wàndó · Ọjọ́bọ̀, 8:33 alẹ́

Wá kó tó di agogo mẹ́wàá, kí iná tó lọ. PDF o.